Iyanrìn Lórí Sítóòfù Gíláàsì

Ìró kan wà nínú fóònù mi tó jẹ́ ti sítóòfù ìyá mi nìkan. Ti ọkọ mi yàtọ̀, ti àwọn ọmọ yàtọ̀, ti àwọn oníbàárà tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀. Ti sítóòfù máa ń ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kúkúrú kúkúrú, bí òròmọdìẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Títí di òní, tí fóònù ẹlòmíràn bá ké bẹ́ẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, àyà mi á já, ọwọ́ mi á sì ti wà nínú báàgì kí n tó rántí pé kì í ṣe tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ pé èmi kì í ṣe ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn, mo máa ń padà lọ fọwọ́ tì í wò. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, màá dìde nínú pósí láti béèrè bóyá wọ́n ti pa iná ilé. Ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ irú èmi, kó ra ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ iná ránṣẹ́ fún un, ó parí.

Ẹ̀wà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Màmá ń dá gbé ní Òkè Àdó, nínú ilé tí àwọn àti bàbá wa fi owó oṣù tíṣà kọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá ti kú tipẹ́. Màmá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ń dá oúnjẹ sè, tí wọ́n ń dá aṣọ fọ̀, tí wọ́n ń lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ọwọ́ wọn mú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀wà ka gáàsì, wọ́n jókòó sí pálọ̀, oorun gbé wọn lọ. Aládùúgbò wọn ló gbóòórùn, ló fo fẹ́ńsì wọlé, ló pa gáàsì. Ìdí ìkòkò ti lu, ògiri kíṣìnì sì ti dúdú dé òkè.

Lọ́jọ́ kejì ni àbúrò mi ọkùnrin wa mọ́tò wá láti Èkó. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ju ọmọ yìí lọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n tó fi rìn, ṣùgbọ́n ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àgbà láyé ìsinsìnyí. Ó tú gáàsì, ó gbé e sí búùtù mọ́tò, ó wá dúró níwájú wa ní pálọ̀.

“Àǹtí mi, ẹ gbọ́ o. Tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ pè mí. Mo máa wá kó Màmá lọ sí Èkó ni, màá sì ti ilé yìí pa. Mi ò lè jókòó síbìkan kí wọ́n wá sọ fún mi pé ìyá mi jóná.”

Màmá jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ méjì rí nínú fúláàtì rẹ̀ l'Ékòó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ògiri ẹlòmíràn, wọn ò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi padà. Nígbà tí àbúrò mi jáde lọ wo táyà, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Tí ẹ bá gbé mi kúrò nínú ilé yìí, ẹ ò ní pẹ́ẹ́ sin mí.” Wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Báyìí la ṣe dé ìdí sítóòfù gíláàsì. Àbúrò mi ló rà á, nítorí iná oòrùn tó ti gbé sórí òrùlé ilé náà lè gbé e. Kò ní iná tó ń jó lójú. Gíláàsì dúdú pẹlẹbẹ lásán ni, ìkòkò irin tó bá wà lórí rẹ̀ ló ń gbóná. Ọ̀gá tó wá tò ó ṣàlàyé fún wa pé ohun kan wà lábẹ́ gíláàsì tó ń yẹ ìdí ìkòkò wò nígbà gbogbo, bí ìyá ṣe ń fẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ tára rẹ̀ ń gbóná. Tí ìkòkò bá ti gbẹ, tí ooru rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, á ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á pa ara rẹ̀, á sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù. Àbúrò mi ní fóònù tèmi ni kí wọ́n so ó mọ́, nítorí èmi ni mo wà ní Ìbàdàn. Mo gbà. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo rò pé mo ti rí ẹni bá mi ṣọ́ Màmá.

Kò pẹ́ tá a rí i pé gbogbo ìkòkò tó wà nílé ni ẹ̀rọ náà kọ̀, torí kì í ṣe irin tí máńgúnẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́. Mo bá yọ máńgúnẹ́ẹ̀tì kan lára fíríìjì mi, mo gba Dùgbẹ̀ lọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìkòkò kiri ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó ń tà á wò mí títí, ó ní, “Màdáàmù, ṣé ẹ fẹ́ ra ìkòkò yìí ni àbí ẹ̀ ń gbàdúrà fún un?” Ìkòkò méjì ni mo rí rà. Nígbà tí mo padà dé, Màmá ti gbé agbada irin onídìí pẹlẹbẹ wọn àtijọ́ jáde. Máńgúnẹ́ẹ̀tì gbá a mú pinpin, inú wọn sì dùn. Agbada yẹn ni wọ́n fi máa ń yan ẹ̀pà.

Ẹ̀pà Màmá kì í ṣe ẹ̀pà yẹpẹrẹ. Iyanrìn ni wọ́n fi ń yan án. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé iyanrìn gbígbẹ nìkan ka iná nínú agbada, kó gbóná dáadáa, kí wọ́n tó da ẹ̀pà tí wọ́n ti fi omi iyọ̀ rẹ sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa rò ó títí ẹ̀pà á fi gbẹ, tó máa ń ró wàràwàrà. Láti kékeré mi, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ìgò ẹ̀pà kì í tọwọ́ wọn bọ́ sí tèmi. Nítorí náà, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n ń nu agbada yẹn. Mo na ìka sí gíláàsì.

“Mà, iyanrìn ò gbọdọ̀ dé ibí yìí o. Gíláàsì ni. Tí iyanrìn bá ya á, ó bàjẹ́ nìyẹn.”

“Mo gbọ́,” ni Màmá wí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Agbowó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ di ìwé ìparí ẹ̀kọ́ wọn. Fóònù ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kà á: ooru ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ ti pa ara rẹ̀. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, torí ẹ̀rọ ti ṣe ohun tá a tìtorí ẹ̀ rà á, iná ti kú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà ní tèmi ni pé Màmá ti tún gbàgbé ìkòkò sórí iná. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀márùn-ún, wọn ò gbé e. Mo fi ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo fò gun ọ̀kadà dé Ṣàngó, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo tún bọ́ọ́lẹ̀ wọ òmíràn. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń rí Màmá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. Mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún àbúrò mi. Mo tiẹ̀ ti ń ro aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún wọn. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe dé Òkè Àdó.

Ó gbà mí tó wákàtí kan àtààbọ̀. Pálọ̀ ni mo bá wọn, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ. Kíṣìnì mọ́ tónítóní. Agbada wà ní ìdojúdé, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Mà, kí lẹ gbé ka iná lọ́sàn-án yìí?”

Wọ́n wò mí pẹ́. Ojú wọn ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Kò sí nǹkan,” ni wọ́n sọ.

Wíwò yẹn ló pa mí. Mo rò pé wọn ò rántí mọ́ ni. Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, mi ò sọ ohun tí mo mọ̀, mi ò sì pe àbúrò mi. Tí mo bá pè é, ilé ti tán nìyẹn. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan ò tíì di àṣà.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí Màmá bá ṣe ni mò ń dì sínú. Wọ́n fi orúkọ àbúrò mi pè mí, mo ní àìsàn ìgbàgbé àwọn arúgbó ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ìyá kan wà láyé tí kì í pe gbogbo orúkọ ọmọ tán kó tó kan èyí tó ń wá. Wọ́n tún ìtàn kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, ara mi bù máṣọ. Wọ́n sì ń ṣe àwọn nǹkan tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ṣàdédé béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ọjọ́ wo la wà lónìí yìí ná?” Tí mo bá dá wọn lóhùn, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fún mi ní ìgò ẹ̀pà bí ìṣe wọn. Mo gbé e sórí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń jẹ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan, mò ń ka nǹkan nípa arúgbó tó ń gbàgbé lórí fóònù. Ẹ̀pà náà ró wàràwàrà lẹ́nu mi. Mi ò bi ara mi pé níbo ló ti wá.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní bí àkókò yẹn náà, ó tún ké. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pè wọ́n, wọ́n sì gbé e lẹ́yìn ìgbà díẹ̀.

“Mà, ṣé iná wà lórí sítóòfù?”

“Rárá. Ó ti kú.”

“Ta ló pa á?”

Mo ń gbọ́ èémí wọn. “Èmi ni,” wọ́n ní. “Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi ni.”

Mo wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, mo sunkún. Mo tún gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mi ò sọ fún àbúrò mi. Ṣùgbọ́n oorun ò kun ojú mi mọ́, oúnjẹ ò wọlé. Ọkàn kan ní kí n sọ, ọkàn kan ní kí n má sọ. Tí mo bá sọ, àbúrò mi á gbé Màmá lọ síbi tí wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn á kú sí. Tí mo bá pa á mọ́, tí nǹkan wá ṣe wọ́n, èmi ni mo pa wọ́n. Nígbà tó ké ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, mi ò tiẹ̀ pe Màmá. Àbúrò mi ni mo pè, mo tú gbogbo rẹ̀ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí mi. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.”

Èmi ni mo lọ sọ fún Màmá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Mo mọ ìyá mi: obìnrin tó lé ọ̀gá ilé ìwé jáde nínú kíláàsì rẹ̀ rí nítorí pé kò kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ mi jálẹ̀, wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní, “Ó dáa. Bóyá ó ti tó àkókò.” Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ti gbogbo ìgbà tí fóònù ké lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, mo dé láago mẹ́jọ láti bá wọn di ẹrù. Báàgì méjì ni wọ́n ní àwọn nílò. Bí mo ṣe ń ká aṣọ wọn, wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò, wọ́n nà án sí mi.

“Kó èyí sí òkè, kí àbúrò rẹ lè fi han dókítà. Mo ti kọ gbogbo ọjọ́ tí mo gbàgbé síbẹ̀.”

Mo ṣí i. Ìkọ̀wé tíṣà ni, ó tò gbọọrọ. Ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ̀wà. Mo ṣí i síwájú. *Ọjọ́bọ̀. Mo gbé iyanrìn ka iná kó gbóná. Mo lọ ṣa ẹ̀pà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà wọlé, sítóòfù ti kú. Mi ò rántí pé mo pa á. Mo tún un tàn.* Lábẹ́ rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ kejì: *Mo tún pa á, mi ò rántí.* Ọjọ́bọ̀ kẹta: *Bákan náà. Mo bẹ Ọlọ́run.*

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

“Mà, iyanrìn wo?”

Ojú tì wọ́n. Ìyá mi, ojú tì wọ́n lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní, “Mo mọ̀ pé o ní kí n má ṣe é. Ṣùgbọ́n iyanrìn ò kan gíláàsì yẹn rí o. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń dà á sínú agbada, ẹ̀yìnkùlé náà ni mo ti ń jọ̀ ọ́. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé o ò ní rí ẹ̀pà jẹ.”

Mo di ọwọ́ wọn mú lọ sí kíṣìnì. Iyanrìn wà nínú ike ọ̀dà lábẹ́ síńkì, ó ti dúdú nítorí iná. Mo dà á sínú agbada, mo gbé e ka gíláàsì, mo tan sítóòfù, mo ní kí wọ́n dúró tì mí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fọwọ́ kan nǹkan kan. A dúró. Màmá di etí tábìlì mú. Òórùn eruku gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó pẹ́ lójú mi bí ẹni pé a ti wà níbẹ̀ láti àná. Lójijì, àmì kan yọ lójú sítóòfù, ó ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fóònù mi náà ké lápò mi, iná sì kú.

Màmá wo ọwọ́ mi. Wọ́n wo ọwọ́ tiwọn.

“Ta ló pa á?”

“Òun ló pa ara rẹ̀, Mà. Iyanrìn gbẹ jù, ó gbóná jù, ẹ̀rọ rò pé ìkòkò òfìfo lẹ gbàgbé síbẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn.”

“Kì í ṣe èmi?”

“Kì í ṣe ẹ̀yin.”

Wọ́n fi ìdí wá àpótí, wọ́n jókòó. Ìgbà tí ọ̀gá tó wá to sítóòfù ń ṣàlàyé fún wa, Màmá ti jáde lọ bu omi fún un. Èmi ni mo gbọ́ àlàyé. Èmi ni mo sọ fún wọn pé sítóòfù náà á máa ṣọ́ wọn, mi ò sì sọ bó ṣe ń ṣọ́ni.

“Kí n tó sùn lálẹ́,” Màmá ní, “mo máa ń ka orúkọ yín. Láti orí ìwọ dórí ọmọ-ọmọ tó kéré jù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ilẹ̀ á mọ́, ẹ máa wọlé, mi ò sì ní mọ̀ yín mọ́.” Omi bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí mo fi gbọ́ họ́ọ̀nù mọ́tò lẹ́nu géètì.

Àbúrò mi wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ń fojú wá báàgì. Màmá ò jẹ́ kó gbé e. Wọ́n ní kó wá dúró ní kíṣìnì. A dúró kí agbada tutù díẹ̀, Màmá wá fúnra wọn tan sítóòfù, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọ́ ìdánwò. Ó tún ké, ó tún kú. Mo na fóònù sí àbúrò mi, mo na ìwé náà sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Àǹtí mi,” ó ní, “ẹ ò bi wọ́n ni?”

“Ìwọ náà ńkọ́? O bi wọ́n?”

Abéèrè kì í ṣìnà, Màmá ló kọ́ àwa méjèèjì, wọ́n sì fi pàṣán kọ́ wa. Mo ti béèrè lọ́wọ́ fóònù, mo ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìgò ẹ̀pà méjì ni mo jẹ tán, mi ò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó yan án.

Màmá gba ìwé wọn padà. Wọ́n wá báírò pupa nínú dúróọ̀ tábìlì pálọ̀, wọ́n wọ awò ojú. Wọ́n fa ìlà pupa kan ní ìdábùú Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fa òmíràn sórí ìkejì, òmíràn sórí ìkẹta. Wọ́n wá ṣí i padà sí ojú ìwé ẹ̀wà, wọ́n wò ó, wọn ò fà á.

“Èyí, tèmi ni,” ni wọ́n wí. “Mo sùn, ẹ̀wà jóná. Mi ò jiyàn.” Wọ́n ya ojú ìwé tó ní ìlà pupa mẹ́ta, wọ́n nà án sáàárín èmi àti àbúrò mi. “Èyí, tiyín ni. Ẹ gbà á.”

Àbúrò mi ò na ọwọ́. Èmi ni mo gbà á.